Ìka tí Fóònù Mọ̀

Fóònù ni ó ń bá gbogbo ará ìlú Atẹ̀dó mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò dé orí òṣùpá rí lè ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Lórí òṣùpá, afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí fà símú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é jáde sábẹ́ òrùlé dígí tó bo ìlú mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì lè dá ronú. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa sọ fún un pé fẹ́ síbí, dín in kù lọ́hùn-ún. Láyé àwọn tó tẹ ìlú dó, ọpọlọ ẹ̀rọ gidi ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìjì oòrùn kan ló jà tó jó gbogbo wọn pátá. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju àwọn fóònù àtijọ́ tó wà nínú àpótí òjé nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, fóònù ayé ìgbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n, tí àwọn baba ńlá wọn máa ń fi ìka ra lójú látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìbíwùmí ni wọ́n ní kó yan èyí tó dára nínú wọn. Òun ni ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Atẹ̀dó, òun náà sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Láṣebìkan bí, bàbá tó dàgbà jù ní gbogbo ìlú. Lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ inú agolo ni tọmọdé tàgbà ń fà símú, agolo ọ̀hún sì ń tán lọ.

Oríṣi méjì ni àwọn fóònù náà. Lójú, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọkàn-ẹ̀rọ wọn ni kò bára mu. Ọkàn-ẹ̀rọ ni ohun inú fóònù tó ń sọ fún un irú ẹni tó jẹ́, iṣẹ́ tí yóò ṣe, àti ẹni tí yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ oríṣi kan ní Ọlọ́yàyà, nítorí kò sí ẹni tí kì í gbà lálejò. Ẹ fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe bó ṣe wù yín? Ó ti yá. Ẹ fẹ́ kó áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe sí i? Ẹ máa kó o bọ̀. Àmọ́ bó ṣe ń gba ọmọlúàbí náà ló ń gba kòkòrò ẹ̀rọ, nígbà mìíràn yóò sì kàn dúró sójú kan bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú. Wọ́n sọ oríṣi kejì ní Alágídí. Ìyẹn kì í dá sí gbogbo ayé. Ohunkóhun tí ilé-ìyá rẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ṣe é ní ilé ayé, kò bá fọwọ́ sí, kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa sùn. Ìbíwùmí dán méjèèjì wò títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọlọ́yàyà dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ léraléra. Alágídí kò dákú rí.

Bàbá Láṣebìkan kò fẹ́ràn Alágídí rárá. Kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ kàn kọ ohun tí kì í gbọ́ tẹnìkan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó níwájú Baálẹ̀ Olúgbóde tó ń ṣàkóso ìlú, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè.

“Ìbíwùmí, èyí tó ń dákú yẹn, bó bá dákú, ta ní ń jí i?”

“Ẹnikẹ́ni ló lè jí i, Bàbá.”

“Èkejì ńkọ́? Ta ni yóò jí òun?”

“Òun kì í dákú, Bàbá.”

“Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

Inú bí Ìbíwùmí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí àwọn àgbà má bínú, ṣùgbọ́n ẹni tí omi ti mu dé ọrùn kì í bèèrè irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀. Ó ní bí Ọlọ́yàyà bá dákú nígbà tí ìlú ń sùn, òkú ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá. Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí, Alágídí ni àwọn yóò lò. Bàbá Láṣebìkan sorí kọ́. Ó ń wo ilẹ̀. Ó dun Ìbíwùmí pé òun já bàbá òun nírọ́ lójú gbogbo ayé, àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti bọ́ ná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tan ẹ̀rọ, gbogbo ìlú tú jáde. Wọ́n gbé Alágídí sí àyè rẹ̀ lára Ẹ̀dọ̀fóró, ojú rẹ̀ là, ó sì kọ ọ́ pé kí olówó òun fi ìka kan òun kí òun lè mọ̀ ọ́n. Ìbíwùmí na ọwọ́. Ni Baálẹ̀ bá húkọ́. Ní Atẹ̀dó, kò sí ohun tuntun, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe ìkòkò, tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn kí àgbà ìdílé tó fọwọ́ kàn án kó sì wúre sí i. Baálẹ̀ bi í bóyá òun ni yóò ṣíwájú nígbà tí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìbíwùmí mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní kí wọ́n dúró ná, nítorí kò tíì mọ̀ bóyá fóònù yóò gba ìka mìíràn lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀. Ṣé yóò tún gba èyí mọ́ ọn lọ́wọ́? Ó fà sẹ́yìn. Ó ní tó bá yá, òun yóò fi ìka tòun náà kún un.

Bàbá Láṣebìkan rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ó gbé ìka lé fóònù náà, ó ní, “À ó lò ó pẹ́ o.” Gbogbo ìlú ṣe àmín. Ẹ̀dọ̀fóró mí kanlẹ̀, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí wọn lójú, àwọn àgbàlagbà ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alágídí tún ní kí olówó òun fọwọ́ kan òun. Àṣé ojoojúmọ́ ni yóò máa bèèrè kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́. Ìbíwùmí ní kó fi ìka tòun náà kún un. Fóònù ní kò burú, òun yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-ìyá. Ilé-ìyá wo? Láti ìgbà tí wọn kò tíì bí Ìbíwùmí ni ilé ayé ti dákẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń dá wọn lóhùn níbẹ̀ mọ́. Òbìrìkítí kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì dáwọ́ dúró títí dòní. Wọ́n fẹ́ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́yàyà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Alágídí ti ti ilẹ̀kùn Ẹ̀dọ̀fóró mọ́ra láti inú. Bí wọ́n bá sì fipá yọ ọ́, yóò pa gbogbo ohun tó mọ̀ rẹ́, ẹ̀rọ yóò sì kú.

Bó ṣe di pé Bàbá Láṣebìkan ni yóò máa ṣílẹ̀kùn afẹ́fẹ́ nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ó ń dùn mọ́ ọn. Yóò rìn lọ, yóò rìn bọ̀, yóò máa yẹ̀yẹ́ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n kí òun dáadáa, òun ni olówó imú wọn. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Ẹsẹ̀ kọ̀, wọ́n ń gbé e lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹjẹrẹ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn dókítà ki ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, wọ́n tún ki òmíràn bọ̀ ọ́ níhà. Wọ́n dín oògùn ìrora kù nítorí ó ń jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọra lù jù. Baálẹ̀ fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tí àánú rẹ̀ bá ṣe má baà wọlé lọ ràn án lọ́wọ́ láti kú.

Onímọ̀ kan bèèrè bóyá wọ́n lè gé ìka náà pamọ́ tí bàbá bá kú. Ìbíwùmí dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kò ní ṣiṣẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣàn nínú ìka kí fóònù tó gbà á. Ìgbà tó délé ló tó yé e pé òun kò tilẹ̀ bínú, pé ìṣirò lòun kàn ṣe. Ó bú sẹ́kún.

Bàbá kò bẹ ẹlòmíràn, ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ní ó tó, kí ó jẹ́ kí òun máa lọ. Ojoojúmọ́ ni Ìbíwùmí ń ní ó di ọ̀la. Ọmọ gidi a máa gbàdúrà kí òun sin òbí òun. Òun ń gbàdúrà kí òun kú ṣáájú bàbá òun, ó sì mọ̀ pé àdúrà náà kò ní gbà, nítorí dókítà ti sọ fún un pé ọkàn bàbá kò ní lè lù pẹ́ mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bí Ìbíwùmí ti fẹ́ gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ lé fóònù, bàbá fà á sẹ́yìn pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára tó kù lára rẹ̀.

“Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ,” ó ní. “Ìbíwùmí, ṣé n kò bímọ ni?”

Ìbíwùmí gba ọwọ́ náà, ó ti tutù. Ó fi èémí ẹnu ara rẹ̀ mú un gbóná, ó tẹ ìka náà mọ́ fóònù. Fóònù kò gbà á. Ó ra ọwọ́ náà láàárín ọwọ́ tirẹ̀, ó rà á kíkankíkan títí bàbá fi kérora, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró mí kanlẹ̀, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Níta, àwọn ará ìlú ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń kí ara wọn pé ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa la jí.