Ilẹ̀kùn Gáréèjì Alàájì Gàrúbà

Ilẹ̀kùn gáréèjì tún gbéra sókè bí wọ́n ṣe pe ìrun àsárì tán, àláàmù kò sì ké rárá. Sàfúrátù tó wà lórí ẹní ìrun gbàgbé ibi tó ka fátíà dé. "Aúsùbílàhì!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀ràn! Alàájì Gàrúbà ọkọ rẹ̀, tó ń ra kòkó ní Àpòmù, ló gbé ilẹ̀kùn oníná náà dé nígbà tí kòkó lówó lórí. Rùfáì oníná, ará Ìkirè, ló so ó pọ̀ mọ́ àláàmù tí wọ́n fi ń lé olè. Bí Alàájì bá tẹ rìmóòtù inú mọ́tò, ilẹ̀kùn á ṣí, àláàmù á sì dákẹ́. Bí ará ilé bá tẹ bọ́tìnnì ara ògiri lẹ́bàá ilé ìdáná, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn fọwọ́ gbé e láti ìta! Gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ igbe. Láràárọ̀ ni Sàfúrátù máa ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ sin ọkọ rẹ̀. Bí kò bá tíì kúnlẹ̀, Alàájì kì í wakọ̀ jáde.

Alàájì ti wá kú o. Mọ́tò rẹ̀ forí sọ tírélà lọ́nà Wásinmi, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó rí rìmóòtù. Sàfúrátù wà nínú tákàbà, kò gbọdọ̀ jáde, òun nìkan ló sì kù nínú ilé látìgbà tí àwọn ọmọ ti padà síléèwé. Bó bá sá lọ sílé bàbá rẹ̀, wọn á ní kò lè ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ parí. Bó bá jókòó, olè tó he rìmóòtù lè wá dúńbú rẹ̀. Kò mọ èwo ni ṣíṣe. Ó ránṣẹ́ pe Rùfáì, ó sì ti ẹ̀yìn fèrèsé bá a sọ̀rọ̀.

"Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Rùfáì wí lẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ tán. "Mo ti já wáyà tó ń gbọ́ ti rìmóòtù. Ẹni tó bá wà níta kò lè ṣí i mọ́ kí àláàmù má ké."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Bó bá ṣí tí kò ké, a jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé lẹ tẹ bọ́tìnnì."

Lọ́jọ́ kejì, àsìkò àsárì tó, ilẹ̀kùn gbéra. Àláàmù dákẹ́ lọ gbári.

Sàfúrátù rìn lọ síbi bọ́tìnnì. Lọ́fínńdà tí Alàájì rà bọ̀ láti Mẹ́kà ló ń ta sánsán níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí ohun tí kò sọ fẹ́nì kan. Lọ́jọ́ ìjàǹbá náà, ó ń dín dòdò lọ́wọ́ lásìkò àsárì nígbà tó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Láì wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Alàájì, ẹ kú ọ̀nà." Ẹnì kan sì dáhùn pé, "Òo." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá túfọ̀ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó kírun àílà ọ̀sán.

Ó ti kí òkú káàbọ̀. Òkú sì wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn láti máa lọ, kò rẹ́ni sin ín.

Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é ju ẹ̀rù lọ. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Alàájì, ẹ máa lọ, ẹ dárí jì mí." Atẹ́gùn tútù kan kọjá lára ìborùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tó máa ń sọ láràárọ̀: "Àlọ ire o, àbọ̀ ire." Ilẹ̀kùn rọra wálẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó jẹun, ó sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣàlùwàlá àsárì lọ́wọ́ nígbà tí àláàmù figbe ta. Kẹ́tù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré débẹ̀, ilẹ̀kùn ti ń gbéra sókè, kò sì sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀. Àláàmù ń ké, ó ń ké. Ẹni tó ń ṣí i wà níta lónìí.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó fi sin ọkọ rẹ̀ lánàá ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun fúnra rẹ̀. Àbọ̀ ire ló wí.