Kí Ló Dé sí Màmá Kékeré?

Ọmọbìnrin náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ìwà àgbà ló ń hù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Màmá Kékeré. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, kì í rán aṣọ tán láìfi ọmọ náà yangàn fún oníbàárà.

Àfi bí Màmá Kékeré ṣe dédé gé ojúgbà rẹ̀ jẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó di kó máa ta jí lójú oorun, kó máa pariwo, kó máa sunkún láìnídìí. Tíṣà ránṣẹ́ pé bó bá tún gé ẹnikẹ́ni jẹ, kó dúró sílé.

"Àkẹ́bàjẹ́ ni," ni ìyá àgbà wí. "Fún un lẹ́gba mẹ́ta, orí rẹ̀ á wálé."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Mo mọ ọmọ mi, ìwà rẹ̀ kọ́ nìyí."

Bí aṣọ kò bá ba oníbàárà mu, télọ̀ yìí kì í jà. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n sí ló máa ń ṣí, á wo ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n, bóyá ara oníbàárà ti yí padà látìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún ọmọ. Ó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, ó kọ ọjọ́ tí ìwà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Àṣé ọjọ́ kẹta tí wọ́n fi oògùn jíjẹ tuntun kún èyí tí ọmọ ń fà sẹ́nu (inhaler) fún ikọ́ fée, ìyẹn asthma, tó ń ṣe é, ni gbogbo wàhálà náà dé!

Inú bí i. Ó kó oògùn méjèèjì, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbà wọ́n.

"Ẹ gba ẹrù yín. Ọmọ mi ò lo nǹkan kan mọ́."

Nọ́ọ̀sì ka ojú ewé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káre, ìyá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lóòótọ́ ni àwọn oògùn ikọ́ fée kan, àti ti sísín òun ara yíyún, lè da oorun àti ìwà àwọn ọmọ kan rú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba èyí tó ń fà sẹ́nu lọ́wọ́ rẹ̀, tí èémí bá há a ńkọ́?"

Télọ̀ kò ronú dé ibẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì mú un lọ bá dókítà, dókítà sì dá oògùn jíjẹ dúró, ó ní kí wọ́n má fi èyí tó ń fà sẹ́nu ṣeré. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ń sùn gbalaja, tíṣà náà sì jẹ́rìí pé kò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ìyá àgbà ò jẹ́ kí àdúgbò sinmi: "Ọmọ tí mo bí ló tú àṣírí oògùn! Èmi tí mo fẹ́ na ọmọ ọlọ́mọ, ojú tì mí."

Ẹ̀yin òbí, bí ìwà ọmọ bá yí padà lẹ́yìn oògùn tuntun, ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tètè fi han dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró. Bí ọmọ kò bá lè mí dáadáa, tàbí tó ní òun fẹ́ ṣe ara òun léṣe, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ kékeré ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé oògùn ló ń yọ òun lẹ́nu. Ẹ má fi ẹgba bi í léèrè.