Ọ́ìlì Gíà Ọkọ̀ Bàbá

Ọkọ̀ ni ọmọbìnrin kan ń bá wí nígbà tí mẹkáníìkì kan kọ́kọ́ rí i. Ó dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín títì, ó na ìka sí i, ó ní, "Ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nílé nìyí? Àbí o fẹ́ dójú tì mí ni?" Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà létí aṣọ rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé tísà ni. Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fọn fèrè bí ẹni pé ilé ń jó.

Lódìkejì títì, mẹkáníìkì náà, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, ju sípánà sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ torí pé kì í kánjú ṣe ohunkóhun. Tí ó bá ń tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ lè lọ sùn kí ẹ tó padà wá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó sáré. Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kí ẹ rí eré!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ṣé ó ti dá yín lóhùn?"

"Kò tíì dáhùn. Olórí kunkun ni, bíi bàbá mi tó ni ín. Ọlọ́run bá mi tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Ọkọ̀ náà ti rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Tí wọ́n bá fi í sí gíà, á kọ́kọ́ rò ó wò ná, lẹ́yìn náà ni yóò fò gìdì kó tó lọ. Jẹ́jẹ́ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó fa géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì gíà, yọ, ó nù ún mọ́ àkísà funfun. Ọ́ìlì tó yẹ kó pọ́n ti dúdú kirikiri, ó ń rùn bí ìkòkò tó jóná.

"Ìgbà wo lẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà Jẹ́jẹ́ já. Ó mọ ohun tí ọ́ìlì tó pẹ́ báyìí ń ṣe. Tí èèyàn bá fi í sílẹ̀, yóò pa gíà. Tí èèyàn bá sì dà á nù tán lẹ́ẹ̀kan náà, gíà náà lè má rìn mọ́ títí ayé.

"Ẹni tí ebi ti pa fún ọdún mẹ́wàá, a kì í gbé odidi ìkòkò oúnjẹ síwájú ẹ̀," ó ní. "Èyí tó wà nínú páànù abẹ́ gíà nìkan la máa dà. A ó wọ̀n ọ́n, iye tó bá jáde la ó dá padà, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ ó wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko? Ṣé gíà lẹ fẹ́ tún ṣe ni, àbí ẹ kàn fẹ́ máa rí mi?"

"Méjèèjì ni," Jẹ́jẹ́ dáhùn. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Jẹ́jẹ́ ń pè é ní Adúmáadán, Tísà náà ń fi Jẹ́jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjàpá á gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìfẹ́ ọmọ náà ti gba gbogbo ọkàn Jẹ́jẹ́, kí la fẹ́ fi bò?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Tísà ọkùnrin wà nílé, lọ́yà ni. Lọ́yà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ mẹkáníìkì rárá. Ìyá wọn ńkọ́? Ojú wọn ò ríran mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró kí dókítà tó fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọsibítù náà jìnnà, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìpààrọ̀ kẹta sì ni ọjọ́ ọ̀hún. Wọ́n ní ọkọ̀ ọkọ àwọn ni yóò gbé àwọn lọ, àwọn ò wọ òmíràn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," Màmá sọ fún Jẹ́jẹ́, "mo gbọ́ pé o ń fẹ́ ọmọ mi. Mi ò rí ojú rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni màá fi mọ̀ ọ́. Tí ọkọ̀ yìí bá gbé mi débẹ̀, wá bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá kú sí ọ lọ́wọ́, má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

 Láti ọjọ́ náà, ariwo gíà èyíkéyìí tó bá kọjá ní títì, Jẹ́jẹ́ á rò pé ọkọ̀ wọn ni.

Ní Sátidé kẹta, inú ọgbà ilé wọn ló ti ṣe é. Ìgò mẹ́ta àtààbọ̀ ló jáde. Tísà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta gígùn àti kúkúrú kan sára ògiri. Mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n dá padà. Gíà wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àṣejù ń ṣe. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, Lọ́yà ní kí òun yẹ iṣẹ́ wò, torí ìyá òun ni. Ó fa géèjì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Kò mọ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì gbóná, ni wọ́n ń wo ti gíà. Tó bá ti kú, ọ́ìlì á ga ju ibi tó yẹ lọ. "Háà! Dìndìnrìn yìí ti rọ ọ́ jù!" Ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò, ó fi ẹnu fà á, ó fa ìgò kan àtààbọ̀ sínú ike kan, ó gbé e sẹ́yìn garawa inú ọgbà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Màmá ti jókòó sínú ọkọ̀, àpò lórí itan. Lọ́yà fi í sí gíà. Ẹ́ńjìnnì ké tantan, ọkọ̀ ò mira.

"Ṣé ẹ rí i? Mo sọ ọ́!" Lọ́yà pariwo. Màmá tẹ́tí sílẹ̀. Tísà ti ń pe Jẹ́jẹ́ lórí fóònù: "Jẹ́jẹ́, ó ti kú o. Mo gbé!"

Jẹ́jẹ́ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó fa géèjì, ó gbẹ tán. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ, kò jò. Ó wo ògiri: ìlà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sẹ́yìn garawa. Ọ́ìlì pupa tuntun, ọ́ìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ! Ó wo Lọ́yà, òógùn bo Lọ́yà, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu gbé e mì. Ọ̀rọ̀ kan péré, Jẹ́jẹ́ ì bá dá ara rẹ̀ láre níwájú gbogbo wọn.

"Kí ló ṣe é?" Màmá béèrè.

"Ọ́ìlì ló dín, Màmá."

"Ta ló jẹ́ kó dín?"

"Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀, ọwọ́ mi náà ni kẹ́ ẹ ti béèrè ẹ̀."

Ó mú ọ́ìlì tuntun nínú àpò rẹ̀, ó rọ ìgò kan àtààbọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń gbàdúrà sínú. Ó fi gíà lọ sẹ́yìn, ó fi bọ̀ síwájú. Ọkọ̀ rọra yọ́ lọ.

"Ìwọ ni kó o wà á," Màmá ní.

Lórí òkè kọ̀ọ̀kan, ọkàn gbogbo wọn ń gbéra sọ. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ọsibítù ni Lọ́yà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Màmá, èmi ni mo fà á..."

"Mo mọ̀. Ojú ló ń dùn mí, etí mi ò dùn mí. Mo gbọ́ lánàá bó o ṣe ń tutọ́ ọ́ìlì lábẹ́ fèrèsé mi. Ìgbà tí ọkọ̀ kọ̀ ni mo tó mọ ohun tó o ṣe. Mo wá dákẹ́, kí n lè gbọ́ ẹni tí ọkùnrin yìí máa dárúkọ."

Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré, aṣọ lọ́yà àti gbogbo ẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi." Jẹ́jẹ́ ń fà á dìde, Tísà ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tú báńdéèjì ojú Màmá. Màmá ṣẹ́jú, wọ́n wo Jẹ́jẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyí? O tínrín ju ohùn rẹ lọ. Ó dáa, sọ ohun tó o ní í sọ."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ síwájú Tísà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó tún un nù.

"Jẹ́jẹ́," Tísà ní, omijé ń dà lójú rẹ̀, "dákun, olówó orí mi, lẹ́ẹ̀kan péré, kánjú."

Ó kánjú.