Orí Ibùsùn Ìyá

Eyín ni nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ń fọ fún ìyá aránṣọ nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ìyá kò mira. Ọ̀pá rọ́bà wà lẹ́nu wọn, ẹ̀rọ ń bá wọn mí, àyà wọn ń lọ sókè sódò bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì, ó ku ẹ̀yìn ahọ́n," ni nọ́ọ̀sì náà ń wí.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ yín ni?"

"Mi ò mọ̀. Ṣé kí n wá máa fọ ẹnu wọn bí ẹni ń fọ ìkòkò?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í pé òun rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ìdọ̀tí ẹnu lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ̀dọ̀fóró sì wú. Ìdí nìyẹn tí orí ibùsùn fi gbọ́dọ̀ ga.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn aránṣọ ti lọ́ mọ́ra bí òwú. Kò mọ̀ bóyá ìyá lòun ń wá wò, tàbí ẹni tó ń fọ eyín ìyá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí i tí ọrùn ìyá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àánú ṣe é, ó gbàgbé gbogbo àlàyé. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sọ ibùsùn náà kalẹ̀ pẹrẹsẹ kí wọ́n lè sùn dáadáa, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ibà dé. Ẹ̀dọ̀fóró ìyá ti wú.

"Ta ló sọ ibùsùn yìí kalẹ̀ lọ́jọ́sí?" ọ̀gá nọ́ọ̀sì jágbe.

"Èmi ni mo ń tọ́jú wọn, ọ̀gá," ni nọ́ọ̀sì náà dáhùn. " Àṣìṣe mi ni."

Wọ́n ní kó kúrò ní wọ́ọ̀dù náà. Bí aránṣọ bá sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì á kórìíra rẹ̀. Bó bá dákẹ́, òun á kórìíra ara òun.

"Èmi ni!" Ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi!"

Ọ̀gá wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. "Ó lè jẹ́ ìyẹn, ó lè má jẹ́ ẹ. Ọ̀pá yẹn fúnra rẹ̀ ń gbé kòkòrò wọlé. Nọ́ọ̀sì, padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," nọ́ọ̀sì sọ fún aránṣọ jẹ́ẹ́. Ó fa okùn tí aránṣọ fi ń wọn aṣọ yọ lápò. "Orí ibùsùn lẹ gbàgbé ẹ sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá, kí wọ́n tó yọ ọ̀pá náà. Ohùn ìyá ha bí ìrù ẹja gbígbẹ.

"Ọmọkùnrin yẹn dà, tó máa ń pè mí ní ìyá ìyàwó òun?"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. "Wọ́n ń gbọ́ o!"

Aránṣọ gba okùn rẹ̀, ó nà án láti èjìká nọ́ọ̀sì kan sí èkejì.

"Ẹ dúró dáadáa, olólùfẹ́ mi. Aṣọ ìgbéyàwó ò gbọdọ̀ fún mọ́ yín lára."