Èémí Kejì Nínú Ìwé Kérésìmesì

Èémí méjì ni Ìyá Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá ìkàwé náà.

Ó dá ohùn náà padà, ó tún un gbọ́. Tíṣà, ọmọbìnrin tó ń kàwé sí máìkì, ka gbólóhùn kan tán, ó mí sínú. Kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, ẹlòmíì náà mí, jẹ́jẹ́, lápá òsì, bí ẹni tó jókòó tì í. Ìyá Ẹ̀rọ gbójú sókè, ó wo inú yàrá náà láti ẹ̀yìn gíláàsì. Fóòmù dúdú ló bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àga kan, tábìlì kan, máìkì kan, àti Tíṣà tó ń mu omi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Oòrùn ń ràn yòò lójú fèrèsé.

"Ṣé kí n tún un kà ni, Mà?" Tíṣà béèrè.

"Rárá, ọmọ mi. Máa bá a lọ. Ó dáa."

Kò dáa rárá. Ó sì mọ ẹni tó ni èémí kejì yẹn.

Ọdún méjìdínlógún ló fi gba ohùn bàbá Tíṣà sílẹ̀ nínú yàrá yìí kan náà. Bàbá Olóhùn ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Òun ló ka gbogbo ìwé Aránṣọ Àgbà sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi etí gbọ́ ìwé: ìtàn arúgbó aránṣọ kan tó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tó jẹ́ pé bó bá ti wo bọ́tìnì àti etí aṣọ èèyàn, ó ti mọ irọ́ tí onítọ̀hún fẹ́ pa. Imú Bàbá máa ń dún fíì kó tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀rọ ló máa ń gé fíì yẹn kúrò, àìmọye ìgbà. Kò lè ṣì í gbọ́.

Ìyá tó kọ àwọn ìwé náà ló kọ́kọ́ kú. Kò pé ọdún kan tí Bàbá Olóhùn náà fi tẹ̀ lé e. Gbogbo èèyàn ti gbà pé Aránṣọ Àgbà ti bá àwọn méjèèjì lọ nìyẹn, àfi bí òǹkọ̀wé tuntun kan ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí ìyá náà, tó kọ ìtàn Kérésìmesì mẹ́rin tó gbóná fẹlifẹli. Wọ́n ní kí ọmọ Bàbá wá kà á wò. Máníjà fún un títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá dùn létí, wọn á wá ẹlòmíì.

Ìyá Ẹ̀rọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Tíṣà lọ jẹun ọ̀sán, ó gba ohùn yàrá òfìfo náà sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ náà padà dé, ó ṣí ìwé, èémí kejì sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó ni èémí kejì náà rẹ́rìn-ín. Ibi tí Aránṣọ Àgbà ti sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé aṣọ ọrùn rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ ni. Fíì, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kékeré, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ dí ẹlòmíì lọ́wọ́.

Lọ́jọ́rú, ó sọ̀rọ̀. Ìtàn kejì ń lọ sópin: wọ́n bá ẹni tó ń tẹ dùùrù ní òkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Kérésìmesì, Aránṣọ sì ti kó gbogbo wọn jọ. Tíṣà dákẹ́ kó tó ṣí ojú ìwé tó kàn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ohùn kan ti sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyàwó olùdarí akọrin ni."

Irọ́ ni, ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe é. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó ń bà á, díẹ̀ ló kù kí Ìyá Ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Láyé Bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé òun ò mọ ọ̀daràn náà rí.

Ọjọ́bọ̀ ni Máníjà wọlé, ó gbọ́ díẹ̀, ó sì fajú ro. "Ohùn ẹ̀ dùn o. Àmọ́ ó ń dákẹ́ jù. Bó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dárúkọ ọ̀daràn, á kàn dákẹ́ bí ẹni tó sùn lọ. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un, torí ọ̀la ni mo máa pinnu."

Nígbà tó jáde, Ìyá Ẹ̀rọ wọnú yàrá ìkàwé, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ọmọ mi, kí ló ń dá ọ dúró níbẹ̀ yẹn?"

Tíṣà wo ilẹ̀. "Mo ń dúró kó sọ tiẹ̀ ni, Mà."

Ìyá Ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Ó fara ti tábìlì. "O ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Atẹ́gùn tútù kan ló máa ń fẹ́ sí mi létí òsì. Ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ọ. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ Ajé."

Ìyá Ẹ̀rọ kò lè parọ́ fún un.

"Láti kékeré ni," Tíṣà ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi ni mo máa ń ka ìwé náà fún bàbá mi nílé kó tó wá kà á níbí. Ká tó ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, a gbọ́dọ̀ dúró, kó sọ ẹni tó rò pé ó ṣe é. Èyí tí a ń kà ní ọsibítù, ó ku ojú ìwé mẹ́rin. Ó ní, 'Jọ̀ọ́, sọ ẹni náà fún mi.' Mo ní ó ti rẹ̀ mí, kó di ọ̀la." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò rí ọ̀la, Mà. Bí wọ́n ṣe pè mí pé kí n wá ka tuntun, mo sọ lọ́kàn mi pé màá ka gbogbo ẹ̀ tán fún un."

Ìyá Ẹ̀rọ fà á mọ́ra. Ó pẹ́ kí wọ́n tó túra wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú un lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó ti gé kúrò láti ọjọ́ Ajé, kò pa ọ̀kan rẹ́. Ó kó wọn pa mọ́ sí ibì kan ni. Tíṣà gbọ́ èémí náà, ó gbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tó gbọ́ "Ìyàwó olùdarí akọrin ni," ó pariwo, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò mọ̀ ọ́n! Bàbá mi, kò tún mọ̀ ọ́n!"

"Máa dúró dè é," Ìyá Ẹ̀rọ sọ. "Màá gé ìdúró yẹn. Máníjà ò ní mọ̀."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Máníjà gbọ́ ìtàn mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní òun ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ láti ọjọ́ Bàbá, ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, Tíṣà ti ka ìkẹrin tán, ìwé ti parí. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó pọ̀ láti gbọ́ ọ, ẹ̀rọ létí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Kí wọ́n tó dárúkọ ọ̀daràn, ìdákẹ́jẹ́ dé. "Dókítà ni," Bàbá sọ. Dókítà náà sì ni! Tíṣà di ọwọ́ Ìyá Ẹ̀rọ mú. Wọ́n gbọ́ fíì náà, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín tó gùn ju ti ìṣáájú lọ, títí Tíṣà fi ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni èémí kẹta dé.

Èyí wúwo, ó ń fà, lápá ọ̀tún. Ìyá Ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ohùn obìnrin àgbà kan, tó gbẹ bí ìwé tó ti pẹ́, sọ pé:

"Tó bá ṣe èmi ni, mi ò ní parí ìtàn Aránṣọ mi báyẹn."

Wọ́n gbọ́ tí Bàbá Olóhùn dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: "Ó ti rẹ ọmọ mi, Mà. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ sọ ìparí tiyín fún un lọ́la."

Ó tán síbẹ̀. Ìyá Ẹ̀rọ yọ ẹ̀rọ kúrò létí. Iṣẹ́ ti parí. Ilé iṣẹ́ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó yíjú sí Tíṣà láti sọ fún un pé kó máa lọ sílé, pé kò sí nǹkan kan mọ́.

Tíṣà ti ń wá bírò nínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ dání, Mà," ó ní. "Aago mélòó ni ká dé?"