Ẹ̀rọ Oníná Tí Kò Ní Etí

"Túnmiṣe, fara balẹ̀ gbọ́ mi ná," ni Bùrọ̀dá Akíntóyè wí. "Wo ibi tí ọlọ́jà yìí fi okùn sípíkà bọ̀."

N kò wo ibì kankan. Inú ń bí mi. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti ń dúró dè é nínú oòrùn ní Isikan, ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú owó tí mo so mọ́ ìbàdí. Aago méjìlá kọjá kí ó tó yọ. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání, kò sì sọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "DJ obìnrin! Ṣé o ti jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbúrò Màámi ni Bùrọ̀dá Akíntóyè. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbé sípíkà lọ sí òde ìsìn àti òde ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́. Màámi ló ní kí n mú un dání nígbà tí mo fẹ́ ra kọńtírólà, ẹ̀rọ tí DJ máa ń gbé síwájú, tí ó fi ń da orin kan pọ̀ mọ́ òmíràn láti inú kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì ni mo fi di irun fún àwọn ará àdúgbò wa ní Oǹdó kí n tó rí owó náà kó jọ. Màámi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fi àjọ wọn kún un. Láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí, owó oṣù wọn kò tó oúnjẹ mọ́. Mo ti rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, oṣù kìíní ni a ó san owó ìwọlé, ẹ̀rọ yìí ni mo sì fẹ́ fi wá a.

Méjì ni Ọ̀gbẹ́ni Kìtán, tó ń ta ẹ̀rọ orin, gbé sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àlòkù ni méjèèjì. Ọ̀kan kéré, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó. Èkejì gba orí tábìlì tán. Ọ̀gbẹ́ni Kìtán tan jẹnẹrétọ̀.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré o," ó ní. "Epo ti di wúrà."

Kíá ni ẹ̀rọ ńlá náà tan iná pupa, iná àwọ̀ ewé, iná àwọ̀ aró. Orin dún, orí mi sì wú. Mo rántí ohun tí Goodness, ọ̀rẹ́ mi, sọ: "Ní Oǹdó níbí, ẹrù ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe DJ. Bí tábìlì rẹ bá ṣófo, wọ́n á ní ọmọdé ló ń ṣeré."

"Kékeré yẹn ni kí o mú," ni Bùrọ̀dá wí. "Iye kan náà ni ó pe méjèèjì. Kí ló dé tí ńlá kò fi wọ́n ju kékeré lọ? Ohun kan wà níbẹ̀. Túnmiṣe, wo okùn..."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ńlá náà, ó ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Èrò burúkú kan wọ inú mi.

"Owó rẹ ni?" mo jágbe mọ́ ọn. "Tìrẹ ti gbó, o sì fẹ́ kí n gbé jákujàku lọ kí ìwọ lè padà wá ra èyí tó dáa!"

Jẹnẹrétọ̀ kú. Ọ̀gbẹ́ni Kìtán dijú. Ọdún mẹ́ta péré ni Màámi fi ju Bùrọ̀dá lọ, ọmọ ọdún méjìdínlógún sì ń pè é ní "ìwọ" lójú àjèjì. Kò gbá mi létí. Ó mú ọ̀rá dúdú rẹ̀, ó sì jáde.

Mo san owó. Mo gbé ẹ̀rọ oníná mi wọ mọ́tò Oǹdó bí ẹni gbé adé.

Nílé ni ojú mi ti là. Mo wá ihò tí a ń ki okùn hẹ́díséètì tí DJ ń dé sétí bọ̀, n kò rí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. DJ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orin tó kàn nínú etí ara rẹ̀, kí àwọn èèyàn tó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ mi kò lè ṣe é. Iná ni ó ní, kò ní ohùn kankan nínú. Láti ara kọ̀ǹpútà ni ohùn ti ń jáde, ohun tí èmi bá sì gbọ́, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni mo rántí pé ara kọ̀ǹpútà ni Ọ̀gbẹ́ni Kìtán fi okùn sípíkà bọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ara ẹ̀rọ. Ohun tí Bùrọ̀dá ń tọ́ka sí nìyẹn.

Ó yẹ kí n pè é. Ìbínú kò jẹ́. Màámi bi mí pé, "Ṣé ó ṣiṣẹ́ dáadáa?" Mo ní, "Ó dáa gan-an, mà."

Sátidé ìkórè àwọn ọ̀dọ́ dé. Ìjọ wa ti ṣèlérí pé bí mo bá ṣe é dáadáa, èmi ni wọn yóò máa lò ní gbogbo òde oṣù Kejìlá. Mo to orin mi lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ geere, títí Màmá Adéjọkẹ́ fi jáde wá dúpẹ́. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tẹlẹ̀, wọ́n ń jó díẹ̀díẹ̀. Alága ọ̀dọ́ sáré wá bá mi: "Orin ọpẹ́ jẹ́jẹ́, kíákíá!"

Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ "Ọpẹ́" sí lára, nínú àwọn orin tí Goodness fún mi. N kò rí ọ̀nà gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ ẹ́.

Orin ìta ni. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbin ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀, gbàù, nínú gbọ̀ngàn ilé Ọlọ́run.

Màmá Adéjọkẹ́ dúró, ẹsẹ̀ wọn kan ṣì wà lókè. Àlùfáà dìde. Láti ẹ̀yìn, Goodness bú sẹ́rìn-ín: "DJ Oníná o!"

"Ìwọ lo kó ìdọ̀tí fún mi!" mo pariwo.

"Ṣé o ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó o tó tẹ̀ ẹ́ ni?"

Ìbínú ru bo ojú mi, mo sì fi apá gbá ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì. Ó balẹ̀, ó là sí méjì. Gbogbo iná rẹ̀ kú.

Bí òde oṣù Kejìlá ṣe lọ nìyẹn. Owó ìwọlé náà lọ, ọdún kan nínú ẹ̀kọ́ mi sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nílé lọ́jọ́ náà, Màámi bọ́ gèlè, wọ́n jókòó.

"Kí ni Akíntóyè sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù?"

"N ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀ kẹ̀?"

"N ò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn."

Màámi mi orí. "Túnmiṣe, etí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ẹnu tó ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ tó tẹ̀lé e. O ti dojú gbogbo rẹ̀ rú. Àgbà tí o bú, òun ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kí o tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí Àkúrẹ́. Mo kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kìtán. "Ẹ mọ̀ pé kò ní ihò etí, ẹ sì tà á fún mi!"

Ó ń nu gíláàsì. "Ṣé o bi mí?"

Títí di òní ni inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin náà. Ẹni tó mọ àbùkù ọjà tó sì dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó dá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fẹ́ bá mi bi í, èmi ni mo lé e jáde.

Bùrọ̀dá ń jó okùn pọ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, sà."

"Ah, o ti tún mọ 'ẹ̀yin' pè?" Kò gbójú sókè. "Inú ń bí mi, n ò ní purọ́ fún ọ. Ìlú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí mọ́tò padà nítorí epo, ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìdajì ọ̀nà. Ẹni tó ń tún hẹ́díséètì mi ṣe ni mo lọ bá, kí n lè fún ọ ní nǹkan tí wàá fi bẹ̀rẹ̀."

Ó nawọ́ sí ògiri. Ọ̀rá dúdú náà wà níbẹ̀, lórí ìṣó. Omi bọ́ lójú mi. Mo rò pé yóò gbé e fún mi. Kò gbé e.

"Ní Sátidé, wá bá mi ká okùn," ó ní. "Tí o bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀, a ó rí i."

Mo ká okùn. Mo gbé sípíkà. Ó bá mi wí, mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì ń ṣe ohun tí ó wí. Mo tún lọ bẹ Màmá Adéjọkẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ kan ni, ní Ìlárá-Mọ̀kín. Bùrọ̀dá tú ọ̀rá dúdú náà, ó fi hẹ́díséètì sí mi létí, ó sì kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun. Mo yan orin, mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe òun. Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i, mo gbọ́ ìyẹn náà, ìgbà náà ni mo tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbínú yóò máa wá, nítorí ayé yìí le, àwọn oníwà ìkà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó dí yín létí. Ẹni tí ń bá yín sọ òótọ́ lè pẹ́ dé, ó lè fi yín rẹ́rìn-ín, kí ohun tó gbé wá fún yín sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.