Páànù Ẹnu Ọ̀nà

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àánú ọmọ aráyé ló máa ń yan ọ̀rẹ́.

Ìjì kan náà ló ṣí òrùlé ilé ìsìn méjì tó kọjú síra. Ti ńlá nì, tó ní ilé agogo gogoro, gbogbo ayé ló gbọ́. Oníròyìn ya bò ó, ẹ̀bùn ń wọ́ tẹ̀ lé ẹ̀bùn. Ti kékeré, ẹnìkan ò yà wò ó. Nígbà tí páànù ọrẹ kún ọgbà ilé ńlá tán, wọ́n to ìyókù sí òdìkejì títì, ó sì dí ẹnu ọ̀nà ilé kékeré pa.

Ibẹ̀ ni káfíńtà ilé ńlá ti pàdé aránṣọ kan, ọmọ olùṣọ́àgùntàn ilé kékeré.

"Ẹ̀yin alábùkún, ṣé ọ̀run náà lẹ fẹ́ dí mọ́ wa ni?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, màdáámù. N ó gbé e."

"Ta ni màdáámù? Gbé e, kí n ráyè wọlé."

Ó gbé e tán, ó yọjú wo inú ilé. Tapólì tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán pọ̀, ègé mọ́ ègé, ni wọ́n ta bo orí ìjókòó.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni. Ó burú?"

"Ó gún ju ìlà ìṣó mi lọ."

Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ aránṣọ yìí kó sí káfíńtà lọ́kàn. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́.

"Abẹ́rẹ́ mi, tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í ṣẹ́, ìwọ tó rán ọkàn mi láìgbowó."

"Ẹlẹ́nu dídùn! Lọ sọ ọ́ létí bàbá mi."

Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó pákó tó ṣẹ́ kù nílé ńlá dání.

Bàbá wo pákó, ó wo ojú rẹ̀. "Ọmọ mi lo wá tọrọ ni, àbí o wá ṣàánú wa? Ẹni tó bá ń fi àánú wo ilé mi, kò ní í fi ọ̀wọ̀ wo ọmọ mi. Ru pákó rẹ, kó o máa lọ."

Abẹ́rẹ́ sin ín dé títì, omi lójú. "Mo fẹ́ràn rẹ, olówó orí mi. Àmọ́ mi ò ní í kọjá ọ̀rọ̀ bàbá mi."

Nígbà tí káfíńtà ròyìn fún ìyá tirẹ̀ nílé, ìyá náà mi orí. "Ọwọ́ òsì lo fi na ẹ̀bùn sí àgbà, ọmọ mi. Lọ bá wọn jókòó."

Lọ́jọ́ ìsìn, ó lọ sí ilé kékeré lọ́wọ́ òfo. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òjò dé, tapólì sì ya. Àwọn ará sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá kò kúrò lórí eékún, káfíńtà náà kúnlẹ̀ tì í. Omi ń ṣàn lórí àwọn méjèèjì, káfíńtà ń ṣe "Àmín, Àmín." Kò mẹ́nu kan òrùlé.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá mú òòlù, ó gbé àkàbà ti ògiri. Ọwọ́ ń yún káfíńtà, ó ká a mọ́ ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan lé e, àkàbà mì. Ó bojú wẹ̀yìn wo káfíńtà.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi di àkàbà yìí mú."